Hẹn Tí Kò Tètè Wá: Ìjọ́hẹn àti Ohun Tí Ó Fa Ọ̀dọ́ Ìlúpéjú Mọ́ra Nínú Eré Kaguya-sama

Ìfáàrà

Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni Ìlúpéjú tí ó wà láàárín Muṣin àti Ọ̀ṣọ́dì ní ìlú Èkó, ṣùgbọ́n àdúgbò ìgbé ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gba Coker Road tàbí Town Planning Way kọjá ní ọwọ́ ọ̀sán yóò rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń já ẹrù, yóò sì rí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí wọ́n ń bọ̀ ní méjì méjì, tí wọ́n tẹ orí ba fóònù kan ṣoṣo. Lára ohun tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wò ni fíìmù àwòrán ilẹ̀ Jàpáàn, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní anime. Kì í ṣe ohun tuntun pé kí ọmọ Nàìjíríà wo àwòrán ilẹ̀ Jàpáàn. Àwọn tí wọ́n ti di òbí báyìí wo Voltron lórí tẹlifíṣàn NTA ní ìgbà èwe wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí ó ti wá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kì í ṣe ìjà àwọn ẹ̀rọ gìrìwò nìkan ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wò. Wọ́n ń wo ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sì sí èyí tí ó lè sọ ọ́ jáde nínú wọn fún odidi eré mẹ́tàdínlógójì, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n.

Ohun tí àwọn olùkọ́ àti òbí sábà máa ń sọ sí èyí kò ju méjì lọ. Àwọn kan ní eré ọmọdé lásán ni. Àwọn mìíràn ní àṣà àjèjì tí yóò ba ọmọ jẹ́ ni. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó fa ọ̀dọ́ mọ́ra nínú Kaguya-sama: Love Is War, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò jìnnà sí ohun tí Yorùbá mọ̀ sí ìjọ́hẹn, àti pé eré náà fún ọmọbìnrin ní ohun kan tí àṣà Yorùbá ṣèlérí fún un, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà tẹ̀.

Eré náà ní ṣókí

Aka Akasaka ni ó kọ ìtàn yìí tí ó sì yà á gẹ́gẹ́ bí ìwé àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2015, ó sì parí ní 2022 pẹ̀lú ìdìpọ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ A-1 Pictures sọ ọ́ di anime lábẹ́ ìdarí Mamoru Hatakeyama. Apá kìn-ín-ní jáde ní 2019, ìkejì ní 2020, ìkẹta ní 2022, fíìmù kan sì tẹ̀ lé e ní ìparí ọdún 2022 náà. Orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè Jàpáàn, Kaguya-sama wa Kokurasetai, ti sọ ìdí ọ̀rọ̀: Kaguya fẹ́ kí ẹnì kejì jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún òun.

Shuchiin, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń lọ, ni ibùdó ìtàn. Kaguya Shinomiya, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí ó lówó jù ní Jàpáàn, ni igbákejì ààrẹ ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Miyuki Shirogane ni ààrẹ. Ọmọ aláìní ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀yà lẹ́yìn ilé-ìwé, ó sì ń fi oorun du ara rẹ̀ kí ó lè máa gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò. Ìfẹ́ ti wọ àárín wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó lọ síwájú: lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ni ó pàdánù, òun ni yóò sì máa wá ojú rere ẹnì kejì títí. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dẹ pàkúté sílẹ̀ fún ara wọn.

Ìjọ́hẹn

Kí a tó gbọ́ ohùn omidan nínú ètò ìgbéyàwó Yorùbá, nǹkan púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ bíi Dáramọ́lá àti Jéjé (1967) àti Fádípẹ̀ (1970) ti kọ nípa ètò náà, kò sì sí ìdí láti tún gbogbo rẹ̀ tò níhìn-ín. Ojú a kọ́kọ́ sóde. A ó wádìí ìdílé, bóyá àrùn tàbí gbèsè tàbí ìwà olè wà níbẹ̀. Alárinà a máa lọ, a máa bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ń retí kí ọmọbìnrin jọ́hẹn, tàbí gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń sọ ọ́, kí ó ṣíhùn. “Hẹn” ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbólóhùn, kì í ṣe ewì, ṣùgbọ́n òun ni a ń dúró dè, a tilẹ̀ ń san owó lórí rẹ̀.

Omidan tí ó bá tètè jọ́hẹn, àwọn ènìyàn á ní ojú ń kán an. Nítorí náà ó ní láti fi ẹsẹ̀ falẹ̀. Bí ó bá rí ẹni tí ń bọ̀ lọ́nà odò, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Bí alárinà bá dé, iṣẹ́ ilé kò ní tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan rò pé ìtìjú lásán ni èyí. Ọgbọ́n ni. Nínú gbogbo ètò tí àwọn àgbà ń ṣe lé e lórí, ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ènìyàn ti dúró tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tún àṣà kun ju bí ó ti rí lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni a ti fi fún ọkọ láti kékeré, kí wọ́n tó mọ ohun tí hẹn ń jẹ́. Bàbá ti jọ́hẹn tán. Ohùn tí a wá ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ń ka ohun tí a kọ fún un. Àṣà náà ṣe ibì kan sílẹ̀ fún ohùn ọmọbìnrin, ó sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ọn nígbà púpọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 kò fi àyè sílẹ̀ fún fífi ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún fún ọkọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń ní ohùn tirẹ̀.

Òǹwòran gẹ́gẹ́ bí alárinà

Bí a bá fi ojú ìjọ́hẹn wo Kaguya-sama, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni pé ẹni méjì ni ó ń ṣe omidan nínú rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ọkùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀, obìnrin ni ó ń dáhùn. Nínú eré yìí, àtọkùnrin àtobìnrin ni ó fẹ́ jẹ́ ẹni tí a ń bẹ̀. Ibẹ̀ ni àwàdà ti ń jáde. Àpẹẹrẹ dáradára ni ti fóònù. Shirogane ra fóònù tuntun, ó sì ń fẹ́ kí Kaguya béèrè ọ̀nà tí yóò fi máa kàn sí òun. Kaguya náà ń fẹ́ kí ó jẹ́ Shirogane ni yóò béèrè. Ó tilẹ̀ pọ́n ojú bí ẹni tí ó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn gbogbo ọgbọ́n àyínìke tí wọ́n dá, a wá rí i pé fóònù àtijọ́, èyí tí a ń ṣí tí a sì ń pa dé, ni ọmọ olówó yìí ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò lè gba ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọmọ Ìlúpéjú tí òun náà ti fi fóònù tí kò gba WhatsApp jẹ ìyà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde.

Ti oúnjẹ tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Shirogane gbé oúnjẹ tí ó sè fúnra rẹ̀ wá, sọ́séèjì tí ó gé bí ẹranko inú omi sì wà nínú rẹ̀. Kaguya, tí àwọn alásè ńlá ń dáná fún, ń fẹ́ tọ́ ọ wò tó bẹ́ẹ̀ tí itọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Kò lè sọ pé “fún mi ní díẹ̀.” Chika Fujiwara, akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí kò ní ẹrù ìfẹ́ kankan lórí, kàn béèrè, ó sì jẹ ẹ́. Kaguya fi ojú bí idà wò ó. Fujiwara yìí ni ó ń ṣe iṣẹ́ àjàpá nínú eré náà: ibi tí kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é ni yóò já sí, ètò tí ẹni méjì ti fi òru tò ni yóò sì dà rú láìmọ̀. Ní òótọ́, òǹkọ̀wé lo ọgbọ́n yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Ní àárín apá kìn-ín-ní, òǹwòran ti lè mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Ohun tí ó mú kí àtúnwí náà ṣeé fara dà ni asọ̀tàn. Yutaka Aoyama ni ó fi ohùn ṣe é, pẹ̀lú agbára bíi ti ẹni tí ó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn Kaguya, ó ń sọ ti Shirogane, ní ìparí ìjà ọjọ́ náà ó sì ń kéde ẹni tí ó pàdánù. Northrop Frye (1957) ti ṣàlàyé pé nínú eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́, àgbàlagbà kan, ní pàtàkì bàbá, ni ó sábà ń dí àwọn olólùfẹ́ lọ́wọ́. Níhìn-ín, fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tí ó dí wọn lọ́wọ́ ju ẹnu ara wọn lọ. Asọ̀tàn sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó kó o fún òǹwòran. Òǹwòran wá di alárinà: ó mọ inú ọkùnrin, ó mọ inú obìnrin, ṣùgbọ́n a ti dì í lẹ́nu, kò lè jíṣẹ́. Iṣẹ́ yìí gbà pé adùn eré náà wà níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ó sì jẹ́ adùn tí ó ní ìtumọ̀ ní irú àdúgbò bíi Ìlúpéjú. Iṣẹ́ ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ pàápàá ti wí. Ẹni tí ó wá láti Ìkìrun ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó wá láti Ọ̀wẹ́rì. Ta ni yóò lọ wádìí ìdílé ta ni? Ta ni ó mọ ìyá tọ̀tún tọ̀sì débi tí yóò fi ṣe alárinà? Iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ fóònù. Ọ̀rọ̀ ń ti ọwọ́ ọmọkùnrin bọ́ sójú ọmọbìnrin tààrà, àmì kékeré sì ti sọ fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ pé a ti kà á. Bí ìdáhùn kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti di ẹ̀gàn tàbí ìjà. Ọmọbìnrin kò ní odò tí yóò gba ọ̀nà rẹ̀ sá mọ́. Nínú eré yìí ó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń fi oṣù dípò ìṣẹ́jú, tí ẹnikẹ́ni kò sì bú u.

Kaguya àtijọ́ àti ọmọbìnrin tí a kò mọ orúkọ rẹ̀

Láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó ti wà ní Jàpáàn ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ni orúkọ Kaguya ti wá, eré náà kò sì fi èyí pamọ́. Bàbá arúgbó kan tí ń gé ọparun rí ọmọbìnrin kékeré nínú ọparun. Ó dàgbà di arẹwà, àwọn ọlọ́lá márùn-ún sì wá fẹ́ ẹ. Ó rán ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí kò ṣeé jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, owó ẹyọ tí ó wà lọ́dọ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ ni ó ní kí ó mú wá fún òun. Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Ọba pàápàá kò rí i fẹ́. Nígbà tí ó yá, ó padà sínú òṣùpá tí ó ti wá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ àlọ́ Yorùbá rí yóò ti rántí àwọn ìbátan ìtàn yìí: ọmọ ọba tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹni tí ó bá lè dárúkọ rẹ̀ nìkan yóò fẹ́, títí àjàpá fi lọ gbọ́ orúkọ náà níbi tí kò yẹ. Ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì. Nínú àlọ́ tiwa, ẹnìkan máa ń jí àṣírí náà, àṣírí jíjí sì di ìyàwó níní. A kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọba bóyá ó fẹ́ àjàpá. Nínú ìtàn Kaguya, bíbéèrè ni gbogbo ọ̀rọ̀, kíkọ̀ ni ó sì fi dáhùn. Akasaka mú ọmọbìnrin tí ó ń kọ̀ yìí, ó fún un ní aṣọ ilé-ìwé, ó wá béèrè ohun tí ìtàn àtijọ́ kò béèrè: bí ó bá jẹ́ pé òun náà fẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìparí apá kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti ṣe àdéhùn láti jọ lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sí ojú ọ̀run ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn. Ilé Kaguya kò jẹ́ kí ó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni àgbàlagbà tí Frye wí fi ojú hàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ai Hayasaka, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ tí ó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ràn án lọ́wọ́ láti sá jáde, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀ iná ti parí. Ó dá jókòó sínú òkùnkùn. Shirogane wá a rí, gbogbo wọn kó sínú takisí, wọ́n sì lé iná mìíràn bá níbòmíràn. Nígbà tí wọ́n rí i, Kaguya kò wo òkè. Ojú Shirogane ni ó ń wò, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì débi pé kò gbọ́ ariwo iná náà. Asọ̀tàn tí kì í sinmi ẹnu ti dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó pàdánù lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá sọ pé eré ọmọdé ni èyí, ó ṣeé ṣe kí ó má tí ì wò ó dé ibẹ̀.

Ìdákẹ́ mìíràn tún wà ní apá kejì tí kò ní í ṣe pẹ̀lú Kaguya, ṣùgbọ́n tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ohùn jẹ òǹkọ̀wé lógún. Yu Ishigami, akápò ìgbìmọ̀, gbèjà ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ oníwà ìbàjẹ́. Ilé-ìwé yí ọ̀rọ̀ náà lé e lórí, wọ́n ní kí ó jókòó sílé, kí ó sì kọ ìwé ìrònúpìwàdà. Bí ó bá sọ òótọ́, orúkọ ọmọbìnrin náà yóò bàjẹ́. Nítorí náà ó dákẹ́, ìwé náà sì wà lófìfo. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Shirogane wá sílé rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ èébú kúkurú kan sí i dípò ẹ̀bẹ̀. Ìwádìí tí àwọn ẹbí ń ṣe kí wọ́n tó fi ọmọ fún ẹni, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ṣe é fún ara wọn níhìn-ín. Yàrá ìgbìmọ̀ náà ti di agbo ilé. Ó lè jẹ́ pé èyí pàápàá wà lára ohun tí ọmọ tí ó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú òbí tí kì í tètè tibi iṣẹ́ dé ń wá lọ síbẹ̀.

Ó Le Kú àti ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ́ fẹ́

Nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, Ó Le Kú tí olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní 1997, ni ó súnmọ́ irú ìtàn yìí jù. Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó rẹ̀, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni Àjàní sì ń rò láàárín wọn. Àwàdà rẹ̀ pọ̀, fíìmù náà sì gbajúmọ̀ débi pé ìró kékeré àti bùbá ìgbà náà padà sóde àríyá. Ṣùgbọ́n ìyàwó ni Àjàní ń wá. Ìfẹ́ kò tí ì kúrò lábẹ́ ojú ìyá àti ọjọ́ ìgbéyàwó, ìtàn náà kò sì parí síbi ẹ̀rín. Èyí kì í ṣe àbùkù ìwé náà. Iṣẹ́ tí Ìṣọ̀lá gbà ṣe nìyẹn, ó sì ṣe é dáradára. Àlàfo tí ó wà ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò Yorùbá, bí akẹ́kọ̀ọ́ girama bá ti nífẹ̀ẹ́, oyún tàbí lílé kúrò nílé-ìwé ni ó kàn. Ọmọ tí kò fẹ́ lóyún, tí kò sì fẹ́ ṣègbéyàwó, tí ó kàn ń wo ẹnì kan ní kíláàsì tí ọ̀rọ̀ sì há sí i lọ́fun, Jàpáàn ni ó ń lọ wá ìtàn tirẹ̀.

Kaguya-sama kò pé. Ọlá Shuchiin pọ̀ jù; òṣì Shirogane sì máa ń di ohun ẹ̀yẹ, bí ẹni pé àìsùn ni oògùn ìyà. Ọmọ tí ó ń ran ìyá rẹ̀ tajà kí ó tó kàwé mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin apá kẹta, ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ìwé, eré náà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Shirogane fẹ́ lọ kàwé ní Stanford ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ kí àìmọye bàlúùnù tí a ṣe bí àwòrán ọkàn fò jáde lókè ilé aago, ó sì ní kí Kaguya bá òun lọ. Kaguya gbà, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Kò sí èyí tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo eré ti ń dọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hẹn náà wá, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ ọ́.

Bí a bá fẹ́ gbé eré yìí sí èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ náà ni yóò fún ògbufọ̀ ní iṣẹ́. Suki ni Jàpáàn ń pè é. “Mo fẹ́ ọ” kò lè ṣiṣẹ́. Bí a bá ti dárúkọ fẹ́, owó orí àti àwọn àna ti wọlé. “Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” mọ́ létí, ṣùgbọ́n ó rí bí ohun tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wúwo jù lẹ́nu ọmọ tí ó ń fi àpò ìwé bojú. “Mo fẹ́ràn rẹ” ni ó yẹ. Àwọn kan lè sọ pé ó fúyẹ́, pé a lè fẹ́ràn ẹ̀bà, a lè fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni suki rí, fífúyẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó ta létí rẹ̀ lè sọ pé oúnjẹ ni òun ń sọ, kì í ṣe ènìyàn. Ní ti ìdáhùn, ògbufọ̀ kò ní wàhálà kankan níbẹ̀.